Ibo ni ìṣọ́ra nínú ọ̀rọ̀ sísọ ń parí sí? Ìdáhùn sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kan

Akọ̀wé ẹgbẹ́ oníṣẹ́ kan kọ̀wé sí mi báyìí pé: “Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là wá lóye. Níbi ìpàdé ọdọọdún wa, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń bá ìgbìmọ̀ aláṣẹ wí, ó sì pa òwe afọ́jú tó ń fọ̀nà han afọ́jú. Ọ̀dọ́ kan dìde, ó ní kí bàbá náà kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, nítorí pé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí kò ríran wà ní ìjókòó. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Kí ariwo yẹn tó rọlẹ̀, ẹlòmíràn tún dìde, ó ní òun kò fara mọ́ ọn kí obìnrin jẹ alága ẹgbẹ́. Bí ìpàdé ṣe túká nìyẹn. Ní báyìí, wọ́n ti ní kí n kọ òfin tí yóò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ mọ́, ọ̀rọ̀ 43 sì ni àwọn ọ̀dọ́ ti kó jọ fún mi. Àwọn àgbà ní bí òfin náà bá jáde, àwọn yóò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ dí àwọn lẹ́nu. Ṣé ìṣọ́ra nínú ọ̀rọ̀ sísọ yìí kò ti kọjá ààlà báyìí? Ibo gan-an ni ààlà náà wà?”

Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi, ìbẹ̀rù méjì ló lọ́ mọ́ra nínú lẹ́tà yín. Ẹ ń bẹ̀rù pé bí kò bá sí òfin kankan, àwọn kan yóò máa fara gba ìwọ̀sí nínú ẹgbẹ́ tí àwọn náà ń dáwó fún, títí wọn yóò fi dákẹ́ tàbí kí wọ́n má wá sípàdé mọ́. Ẹ sì tún ń bẹ̀rù pé bí òfin bá wà, kò ní í sí ẹni tí yóò lè sọ òótọ́ tó korò mọ́, torí pé olúkúlùkù yóò máa wẹ̀yìn wò kó tó lanu. Ìbẹ̀rù méjèèjì ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó lé ní 20 ọdún tí mo fi ṣe olóòtú ìwé ìròyìn, mo sì fi ọdún mẹ́fà nínú rẹ̀ jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn tí ìròyìn wa bá dùn. Mo ti rí ènìyàn tí orúkọ tí wọ́n ń pè é lé jáde láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, mo sì ti rí yàrá ìròyìn tí ìbẹ̀rù ẹ̀sùn sọ di ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti béèrè ìbéèrè gidi mọ́. Nítorí náà, n kò ní sọ fún yín pé apá kan gbọ́n, apá kejì gọ̀. Ohun tí mo rí ni pé ìgbìmọ̀ yín ti da nǹkan méjì pọ̀ sínú àpò kan: orúkọ tí à ń pe ènìyàn, àti èrò tí ènìyàn ní lórí ọ̀rọ̀ kan. Òwe bàbá yẹn súnmọ́ ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ obìnrin àti ipò alága sì jẹ́ ti èkejì. Òfin kan ṣoṣo kò lè bá àwọn méjèèjì mu, ibẹ̀ sì ni ìjà ti rọ́nà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ ẹ̀gún kan kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn àgbà yín rò pé àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ló hu nǹkan yìí jáde. Àwọn ọ̀dọ́ sì rò pé ẹnikẹ́ni tó bá kọminú sí i, ìkórìíra ló wà níkùn rẹ̀. Ìtàn kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn. Political correctness ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ohun tí èmi yóò máa pè ní ìṣọ́ra-ọ̀rọ̀ níhìn-ín. James Wilson, adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ti lo gbólóhùn tó jọ ọ́ ní 1793, ṣùgbọ́n ohun tó ní lọ́kàn kò ju pé ọ̀nà kan tí àwọn ènìyàn ń gbà dárúkọ orílẹ̀-èdè wọn kò bá ìlànà ìṣèlú wọn mu. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1940, àwọn sósálíìsì ibẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn kọ́múníìsì tí wọn kì í yẹsẹ̀ lórí ìlànà ẹgbẹ́, bí ìlànà náà tilẹ̀ yí padà mọ́jú. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ fúnra wọn ń fi í dá ara wọn lẹ́kun bí ọ̀kan nínú wọn bá ń ṣe àṣejù. Ẹ̀yìn ìgbà tí ìwé ìròyìn New York Times kọ ìròyìn ńlá lórí rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1990 ni ó di ohun tí gbogbo ìlú ń jà lé lórí. Nígbà tí Ààrẹ George H. W. Bush sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Michigan ní oṣù Karùn-ún 1991, ó gbà pé ìfẹ́ tó yẹ fún ìyìn, ìfẹ́ láti gbá pàǹtírí ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti ìkórìíra dànù, ló bí i. Ó sì ní ó ti ń fi ẹ̀tanú tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ìdajì kejì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mú lọ sílé. Ẹ kíyè sí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn pe ara rẹ̀ ní orúkọ yìí. Ẹlòmíràn ni a fi ń pè. Bí ẹnì kan bá dìde nípàdé tó ní òun lòdì sí i, ẹ bi í pé èwo gan-an nínú ohun tí a fẹ́ ṣe ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, torí orúkọ yẹn nìkan kò tíì sọ nǹkan kan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn baba wa ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án ka ìka rẹ̀. Òwe yẹn kò ní kí a purọ́ pé ìka náà pé mẹ́wàá, kò sì ní kí a má ka ìka mọ́ láéláé. Ohun tó ń sọ ni pé kíkà yẹn, lójú ẹni tó ni ọwọ́, kì í ṣe ìṣirò mọ́. Ó ti di ìwọ̀sí. Ẹni tó bá ní àjèjì ni ìṣọ́ra-ọ̀rọ̀ jẹ́ sí èdè wa kò tíì fetí sí èdè náà dáadáa. Orúkọ tí a fún ènìyàn ń ṣe iṣẹ́ kan tí ojú kì í tètè rí: òun ló ń pinnu ohun tí ẹni tó gbọ́ ọ yóò kọ́kọ́ rí lára onítọ̀hún. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olóòtú, mo buwọ́ lu àkọlé ìròyìn kan tó pe obìnrin kan ní “arọ”. Ẹjọ́ ilẹ̀ tó jàre rẹ̀ ni ìròyìn náà dá lé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ẹjọ́ náà tan rárá. Obìnrin náà kọ̀wé sí wa. Kò bínú pé a sọ pé òun kò lè rìn. Ohun tó béèrè ni pé, “Ọkùnrin tí mo borí ní ilé ẹjọ́ ńkọ́, kí ló dé tí ẹ kò kọ bí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ṣe rí?” N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà, n kò sì tíì rí i di òní. Òótọ́ ni ohun tí a kọ, síbẹ̀ a ti fi òótọ́ náà gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé lójú ẹni tó ka àkọlé yẹn, àánú ni adájọ́ ṣe é, kì í ṣe pé ó jàre.

Orúkọ tún lè ṣe jàǹbá tó ju ìbànújẹ́ lọ. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí wọ́n sọ mọ́ ẹlẹ́dẹ̀ lórúkọ bẹ́ sílẹ̀ ní 2009, ìjọba Íjíbítì pàṣẹ pé kí wọ́n pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ tó wà nílẹ̀ náà, nǹkan bí 300,000, bẹ́ẹ̀ ènìyàn ló ń kó àrùn náà ran ènìyàn. Àwọn Kristẹni tí ẹlẹ́dẹ̀ sísìn jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni ìyà náà já lé lórí. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde pé kí wọ́n má ṣe fi orúkọ ìlú, ènìyàn tàbí ẹranko sọ àrùn tuntun mọ́. Ní 2022, àjọ náà yí orúkọ àrùn monkeypox padà sí mpox, nítorí pé àwọn kan ti ń fi orúkọ àkọ́kọ́ sọ̀kò ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Kò sí dókítà tí ìyípadà yẹn gba ìmọ̀ kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa àrùn náà lánàá ló ṣì mọ̀ lónìí.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ yín retí pé orúkọ tuntun yóò ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìwà. Ní 1910, Henry Goddard, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, dá ọ̀rọ̀ náà moron sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fún àwọn kan tí làákàyè wọn kò tó ti ẹgbẹ́ wọn. Kò pẹ́ tó fi di èébú lẹ́nu ọmọdé àti àgbà. Wọ́n wá fi mental retardation rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n rò pé ó tutù. Òun náà di èébú, títí òfin kan tí Ààrẹ Barack Obama buwọ́ lù ní oṣù Kẹwàá 2010 fi yọ ọ́ kúrò nínú òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí ìlera, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ aláàánú kan tí ọ̀rọ̀ náà spastic, tí wọ́n fi ń pe àwọn tí iṣan ara wọn máa ń le gbagidi, wà nínú orúkọ rẹ̀ yí orúkọ padà sí Scope ní 1994, nítorí pé àwọn ọmọdé ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn di ohun tí wọ́n fi ń bú ara wọn níléèwé. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọmọ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní scoper. Onímọ̀ èdè Steven Pinker kọ̀wé lórí àyípoyípo yìí ní 1994, ó sì ṣàlàyé pé èrò tó wà lábẹ́ orúkọ ló ń ba orúkọ jẹ́. Nínú èdè tiwa, a ti kúrò lórí “abirùn”, a dé “akàndá ẹ̀dá”, a sì ti bá a dé “ẹni tó ní ìpèníjà ara”. Tọkàntọkàn ni mo fi ń lo èyí tó kẹ́yìn, síbẹ̀ mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fi ń ṣe ẹlẹ́yà ọmọ tó ń tiro. Ṣé asán ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà? Rárá o. Orúkọ tó bá mọ́ fún 20 ọdún ti fún ẹnì kan ní ìsinmi 20 ọdún, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré nínú ayé ẹni kan. Ohun tí àyípoyípo yìí kọ́ mi ni pé ẹni tó ṣì wà lórí orúkọ àná kì í ṣe ọ̀tá ẹni tó ti dé orí ti òní. Bàbá yín tó ti lé ní 70 ọdún, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹta ni orúkọ ti yí lójú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó pè é jókòó kó sọ ìdí fún un.

Ibi tí lẹ́tà yín ti dùn mí jù lọ nìyí. Mo gbọ́ ohùn bàbá nínú rẹ̀, mo gbọ́ ohùn ọ̀dọ́, mo gbọ́ ti ìgbìmọ̀; n kò gbọ́ ohùn ọmọ ẹgbẹ́ yín tí kò ríran. Gbogbo ènìyàn ń jà lórí rẹ̀, ẹnì kan kò bi í léèrè. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú tó ń jẹ́ National Federation of the Blind ní Amẹ́ríkà fẹnu kò ní 1993 pé àwọn kò fẹ́ kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ gbọọrọ gbọọrọ yí ìfọ́jú po, pé afọ́jú ni àwọn, àti pé kò sí ohun ìtìjú nínú kí ènìyàn jẹ́ afọ́jú. Ọ̀pọ̀ adití náà kò fẹ́ kí a fi ìpèníjà pe àwọn. Ènìyàn tó ní èdè tirẹ̀ ni wọ́n ka ara wọn sí. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá pè wọ́n ní orúkọ kan náà yìí, yóò gún wọn dé egungun. Ẹni tí ojú rẹ̀ ríran kò lè jókòó sínú yàrá kó mọ èyí tó jẹ́ ti ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ní ti òwe náà, èrò tèmi nìyí: kò pe ọmọ ẹgbẹ́ yín lórúkọ, ṣùgbọ́n ó fi ìfọ́jú ṣe àpẹẹrẹ àìmọ̀kan, ó sì lè sú ẹni tó bá ti ń gbọ́ irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ìyẹn kò sọ òwe di ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń tanràn fún. Ó tó kí bàbá yíjú sí i kó ní, “Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí, má bínú sí mi.” Bí àgbà bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó fipá mú un, àgbà náà ń ga sí i ni.

Láti ọjọ́ lẹ́tà obìnrin yẹn ni mo ti ń fi ìbéèrè kan wọn ọ̀rọ̀ wò, mo sì rò pé òun ni ààlà tí ẹ ń wá: bí a bá yọ ọ̀rọ̀ yìí tí a fi òmíràn dípò rẹ̀, ṣé èrò tó ń gbé ṣì dúró? Bí ó bá dúró, ẹni tó ní kí a yí ọ̀rọ̀ náà padà kò gba òmìnira kankan lọ́wọ́ wa. Ìròyìn mi lórí ẹjọ́ ilẹ̀ yẹn ì bá tilẹ̀ dára sí i láìsí “arọ” nínú rẹ̀. Bí èrò náà bá bá ọ̀rọ̀ náà lọ, a ti kúrò lórí ìṣọ́ra-ọ̀rọ̀, a ti bọ́ sórí ìfòfinde èrò, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ìyẹn gbọ́dọ̀ mú ìdí tó wúwo ju ìyẹn lọ wá. Ẹ wo Yunifásítì Michigan kan náà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 1988, lẹ́yìn tí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó burú ti ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀, wọ́n ṣe òfin tó ka ọ̀rọ̀ àbùkù lórí ẹ̀yà, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ léèwọ̀. Ìdí rere ni wọ́n fi ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan tó ń ṣèwádìí lórí bí ẹ̀dá ara ṣe kan ìwà wá pe ẹjọ́, ó ní bí àwọn bá ń jíròrò ní kíláàsì bóyá ìyàtọ̀ kan wà nínú ìṣẹ̀dá ọkùnrin àti obìnrin, ẹnì kan lè fi òfin yẹn mú òun. Ní 1989, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ fagi lé òfin náà: ó gbòòrò jù, kò sì sẹ́ni tó lè ti inú rẹ̀ mọ ohun tí ó kà léèwọ̀ gan-an. Bóyá ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà fẹ́ sọ tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, ìyẹn kọ́ ni ilé ẹjọ́ ń dá. Àwọ̀n tí wọ́n dẹ sílẹ̀ fún èébú ti ń kó ìbéèrè.

Ọkùnrin tó ní òun kò fẹ́ obìnrin ní alága, mo gbà pé ó ṣìnà, mo sì lè sọ ọ́ fún un lójú. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ lè yọ nínú gbólóhùn rẹ̀ tí èrò náà yóò ṣì dúró. Bí ẹ bá fi òfin dè é, kò ní í yí ọkàn padà. Yóò gbé e wọnú àpótí ìdìbò láìsọ nǹkan kan, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ yín kò sì ní mọ iye ẹni tó rò bẹ́ẹ̀ tàbí èsì tó yẹ kí wọ́n fọ̀. Nínú ẹjọ́ Handyside, atẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1976, Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ kò wà fún ọ̀rọ̀ tó dùn létí nìkan, ó wà fún èyí tó ń bí ènìyàn nínú tó sì ń dà á láàmú pẹ̀lú. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yìí bá di ẹni tó ń gba fọ́ọ̀mù ìdíje, tó sì kọ̀ láti gba ti obìnrin, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀, ìwà ni, ìwé òfin ẹgbẹ́ yín sì gbọ́dọ̀ mú un. Bí ó bá sì yí ẹnu rẹ̀ sí obìnrin kan pàtó tó ń bú u, ọ̀rọ̀ náà ti padà sórí orúkọ tí à ń pe ènìyàn.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ibi tí ìbéèrè mi yìí kò ti ràn mí lọ́wọ́, ìyẹn ni ibi tí orúkọ fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìdí ìjà. Nínú àríyànjiyàn lórí oyún ṣíṣẹ́, apá kan á pe ohun tó wà nínú ilé ọmọ ní “ọmọ”, apá kejì á pè é ní “ọlẹ̀”, ẹni tó bá sì ti gba orúkọ ẹnì kejì ti gba ìdajì ẹjọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2013, ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press pinnu pé àwọn kò ní máa pe ènìyàn ní illegal mọ́ nítorí pé kò ní ìwé ìgbélùú. Wọ́n ní ìṣe ló lè lòdì sí òfin, kì í ṣe ènìyàn. Àwọn tó ta kò ó ní ńṣe ni wọ́n fẹ́ fi òfin tó ti di rírú pamọ́ fún òǹkàwé. Ìpinnu náà tọ́ lójú tèmi, ṣùgbọ́n n kò lè sọ fún ẹni tó ta kò ó pé kò pàdánù nǹkan kan, nítorí pé ìdájọ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń jẹ́ kí olúkúlùkù lo ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nígbà tó bá ń sọ tẹnu rẹ̀, èmi olóòtú á sì wá ọ̀rọ̀ tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Kò tẹ́ ẹnì kankan lọ́rùn rí.

Ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ kẹta wà tí kò sí nínú lẹ́tà yín, mo sì dúpẹ́ pé kò sí. Láti 1993 ni ilé iṣẹ́ rédíò RTLM ní Rùwáńdà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóhùn sáfẹ́fẹ́, tó ń pe àwọn ẹ̀yà Tutsi ní “inyenzi”, èyí tó túmọ̀ sí aáyán. Láàrin nǹkan bí 100 ọjọ́ ní 1994, wọ́n pa ènìyàn tí a fojú dá sí 800,000. Ní 2003, ilé ẹjọ́ àgbáyé tí wọ́n gbé kalẹ̀ nítorí ìpakúpa náà dá àwọn méjì tó wà nídìí rédíò yẹn àti olóòtú ìwé ìròyìn kan lẹ́bi. Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 2007, ilé ẹjọ́ yọ àwọn ẹ̀sùn kan kúrò, ó sì fi àwọn mìíràn múlẹ̀. Àdéhùn àgbáyé ti 1966 lórí ẹ̀tọ́ aráàlú àti ti òṣèlú, èyí tó fún wa ní òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ nínú abala 19, ló tún ní kí òfin ka ìrúnisókè sí ìkórìíra léèwọ̀ nínú abala 20. Àlàyé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lórí rẹ̀ ní 2012 ní kí a wo ipò tí ìlú wà, ẹni tó sọ̀rọ̀, ohun tó ní lọ́kàn, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, bí ó ṣe tàn tó, àti bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí jàǹbá tẹ̀ lé e. Mo fi èyí hàn yín nítorí àwọn ọ̀dọ́ yín tó ní ọ̀rọ̀ kékeré náà ló ń di ìpakúpa. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu ọ̀mùtí tó dá jókòó àti lẹ́nu ẹni tó ni rédíò tó sì ní ọmọlẹ́yìn tó ń gbé àdá kiri kò dọ́gba, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi ìyà èkejì jẹ ti àkọ́kọ́.

Ó ku ẹ̀sùn àwọn àgbà pé wọ́n fẹ́ dí àwọn lẹ́nu. Bí ọ̀dọ́ bá dìde tó ní, “Ọ̀rọ̀ yín yẹn kò dára,” kò dí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Òun náà ń lo ẹnu tirẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń jà fún òmìnira láti sọ̀rọ̀ kò lè máa ké pé wọ́n dá òun lóhùn. Ṣùgbọ́n ìyà tó bá tẹ̀ lé ìdáhùn yẹn ni kí a wò dáadáa. Ní oṣù Kìíní 1999, ní Washington, David Howard, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì olórí ìlú, lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà niggardly níbi ìpàdé lórí ìṣúná owó. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ahun lọ. Ìró rẹ̀ jọ èébú tí wọ́n fi ń bú àwọn aláwọ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ wọn kò ti orísun kan náà wá. Ariwo ta, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, olórí ìlú sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ tán ni wọ́n tó ní kó padà wá. Julian Bond, alága ẹgbẹ́ NAACP tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú nígbà náà, wà lára àwọn tó ní kò yẹ kí àìgbédè ẹlòmíràn di ẹrù sí ènìyàn lọ́rùn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ìtàn yìí ni bí ó ṣe yá: ìyà ti dé kí ìwádìí tó jí. Ọ̀pọ̀ lára ẹ̀sùn tí mo gbọ́ nínú ìgbìmọ̀ wa ló jẹ́ pé bí a bá dúró ọ̀sẹ̀ kan, tí àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n á parí rẹ̀ fúnra wọn.

Nítorí náà, akọ̀wé wa, èmi kò ní kọ ìwé ọ̀rọ̀ 43 yẹn bí mo bá wà ní ipò yín. Ẹni tó fẹ́ bú ènìyàn yóò wá ọ̀rọ̀ kẹrìnlélógójì, ẹni tí kò ní èrò ibi lọ́kàn ni àkójọ yẹn yóò sì mú. Èmi kò sì ní fi ìpàdé sílẹ̀ láìlófin, nítorí mo mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dákẹ́. Ẹ kọ gbólóhùn mélòó kan: pé orúkọ tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ní kí a máa pe òun ni a ó máa pè é, pé a kò ní bú ẹnikẹ́ni nítorí ara rẹ̀, ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, pé ẹnikẹ́ni lè sọ èrò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, bí ó ti wù kó korò tó, àti pé ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn yóò kọ́kọ́ bá ẹni tó sọ ọ́ sọ̀rọ̀ lójú ẹlẹ́rìí méjì kí ẹjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. Èyí yóò falẹ̀ ju àkójọ ọ̀rọ̀ lọ, ẹ ó sì máa ṣe àṣìṣe nínú rẹ̀, torí pé ìgbà mìíràn wà tí kò ní í rọrùn láti mọ ibi tí èrò parí sí tí èébú ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó kọ ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ẹ lọ sílé ọmọ ẹgbẹ́ yín tí kò ríran, ẹ̀yin nìkan, kì í ṣe ìgbìmọ̀. Ẹ bi í bí òwe yẹn ṣe bọ́ sí i létí, àti orúkọ tó fẹ́ kí ẹ máa pe òun. Bí ó bá sì ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún dárúkọ òun nínú ìjà yìí mọ́, ẹ sọ fún àwọn méjèèjì tó ń jà pé ohun tó wí nìyẹn.